Ibi Tí Àwòrán Yóò Sùn Sí

Ọlọ́runtóba gbé méjì kalẹ̀ lórí tábìlì onígíláàsì
ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kọjú sí ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ní Kábbà.
"Okun o," ó ní. "Èwo nínú wọn ni kí n kàn mọ́ ọ̀n?"

Èyí àkọ́kọ́ wúwo bí ọṣẹ ìfọṣọ.
Tẹ̀ràbáìtì kan gbáko.
Àwo kan ń pòòyì nínú rẹ̀ bí òkòtó,
abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń fò lórí àwo náà,
bí o bá gbé e sétí, wàá gbọ́ ọ tó ń mí.

Èkejì rí pẹlẹbẹ bí ṣingọ́ọ̀mù tí a kò tíì já.
Kò pòòyì. Kò mí.
Gígábáìtì igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta péré,
owó rẹ̀ sì ga ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Owó kajú bàbá mi ló wà lápò mi,
àpò kajú mẹ́ta àti ààbọ̀,
òórùn oje rẹ̀ ṣì wà lára náírà.
Mo béèrè pé kí ló dé tí kékeré fi wọ́n ju ńlá.
Ó wo bàtà mi, ó wo eruku pupa ẹsẹ̀ mi:
"Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Àbí o kò tíì gba ọ̀nà Ìsánlú rí?"

Mo ti gbà á.
Òjò àrọ̀kúrò ni, ní èṣí,
mo wà lẹ́yìn ọ̀kadà láti Ògìdì,
kọ̀ǹpútà nínú báàgì, báàgì láyà mi,
Ọmọyẹlé, ìyá tó bí ìyá mi, nínú kọ̀ǹpútà:
wákàtí mẹ́ta níwájú òfì,
ó ń dárúkọ aṣọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀,
ó ń fi eyín já òwú.
Mo ti pa ìdérí dé, ṣùgbọ́n n kò pa ẹ̀rọ,
òkòtó náà ṣì ń yí nínú òkùnkùn
nígbà tí a já sí kòtò kan kí a tó wọ Mọ̀pà.

Nígbà tí mo ṣí i nílé, ó dún: tẹ́.
Mo dákẹ́. Tẹ́. Tẹ́. Tẹ́.
Bí ẹni tó ń dán kọ́kọ́rọ́ wò lẹ́nu ọ̀nà
tí ilé ti wó lẹ́yìn rẹ̀.
Kí n tó padà sí Ògìdì pẹ̀lú kámẹ́rà,
wọ́n ti tú òfì kúrò lára ògiri.

Nítorí náà mo ṣírò lórí páálí tí Tóba fún mi.
Wákàtí kan ń jẹ gígábáìtì méjìlélógún.
Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á gba tirẹ̀, ètò tí mo fi ń gé fídíò á gba tirẹ̀,
ohun tó kù á gba wákàtí mẹ́jọ. Bóyá méje.
Wákàtí méje kò tó ìgbéyàwó ọjọ́ méjì ní Ìyàrà.
Ó tó ìyá arúgbó kan.

Mo mú kékeré fún ara ẹ̀rọ,
èyí tí yóò bá mi jókòó ní gáréèjì, lẹ́yìn ọ̀kadà,
níbi tí kò sí iná, tí bátìrì ń sáré lọ sópin.
Ńlá ń kọ́? Mo gbà á láwìn.
Inú àpótí ìyá mi ni yóò máa gbé, láàárín aṣọ,
kò ní rí ọ̀nà Ìsánlú láéláé.
Alaalẹ́ ni n ó máa da ìkórè ọjọ́ sí i nínú.
Bí mo bá gbàgbé lálẹ́ ọjọ́ kan, ọwọ́ mi ló ṣe é.

Tóba de ìṣó tó kẹ́yìn, ó tẹ iná.
Ẹ̀rọ náà jí kí n tó mí síta.
Ohun àkọ́kọ́ tí mo gbé sínú rẹ̀
ni ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá tí mo ti fi ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò mi,
èyí tí kòtò Mọ̀pà kò rí gbé:
ọwọ́ rẹ̀ lórí òwú búlúù,
lẹ́yìn náà ojú rẹ̀, tó súnmọ́ kámẹ́rà jù,
tó ń fura sí i,
tó ń béèrè pé,
"Ṣé ó ti ń gbà á báyìí?"